Mẹ́rin Lórúkọ, Márùn-ún Lójú

Abọ́ ni màmá tó ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa wá dá padà, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń wo fídíò àtijọ́ kan lórí fóònù: àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kóòtù wọn bára mu, bàtà wọn ń dán, wọ́n sún mọ́ra bí àwọn tí òjò ká mọ́ abẹ́ agboòrùn kan. Ó jókòó tì mí, ó ní kí n má pa á. Nígbà tí orin náà parí, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Kí lo pe àwọn wọ̀nyí?"

"Kuatẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, mà. Akọrin mẹ́rin."

"Mẹ́rin kẹ̀? Márùn-ún ni mo kà, mi ò tíì ka onígìtá mọ́ ọn o."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó ráyè dáhùn, ó ti ju ìkejì lù mí: "Ṣé ìjọsìn lèyí, àbí eré ni wọ́n ń ṣe?"

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí màmá yìí ti ń kọ álítò nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà. Ẹni tó mọ ohùn tí òun ń kọ ni, èèyàn ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tàn án. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, àti èyí tí mo rántí lẹ́yìn tó lọ tán, ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn. Nínú kuatẹ́ẹ̀tì, ohùn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí. Ohùn mẹ́rin náà ni ti ẹni tó ń lé orin, ti tẹ́nọ̀ tó ń gun òkè, ti barítónù tó wà láàárín, àti ti báàsì nísàlẹ̀. Láyé àtijọ́, èèyàn mẹ́rin náà ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gbe orin rí á tètè rí ibi tí ìṣòro wà. Bí ẹni tó ń lé bá ti yà kúrò láàárín àwọn yòókù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ orin, elégbè ku mẹ́ta. Ègbè á sì máa mì, bí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀.

Ẹgbẹ́ Soul Stirrers, tí Silas Roy Crain dá sílẹ̀ ní Texas ní àwọn ọdún 1920, ló wá nǹkan ṣe sí i tí àwọn yòókù fi ń wò wọ́n kọ́. Ní 1937 ni Rebert Harris wọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fi ẹnì kan kún un, kí àwọn méjì lè máa gba lílé lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá jáde síwájú, èkejì á padà sínú ègbè; nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, wọ́n á pààrọ̀. Ẹni yòówù kó wà níwájú, ohùn mẹ́rin á pé lẹ́yìn rẹ̀. Bí mẹ́rin ṣe di márùn-ún nìyẹn, tí orúkọ kò sì yí padà. Àwa náà kúkú ní ọjà alẹ́ tí wọ́n ń ná láti àárọ̀.

Harris fúnra rẹ̀ tó ẹni tí à ń tẹ́tí sí. Ohùn rẹ̀ lè gòkè títí yóò fi tín-ín-rín bí ti obìnrin, ó sì sọ pé ọ̀dọ̀ ẹyẹ ni òun ti kọ́ ọ ní kékeré. Kì í bá elégbè dé ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Á jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dé, kí òun náà tó wá gúnlẹ̀, bí àgbà tó mọ̀ pé wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òun.

Inú oko ẹrú ni gbòǹgbò orin yìí wà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ló fún un ní aṣọ tó wọ̀ jáde. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fisk sílẹ̀ ní Nashville fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Nígbà tó di 1871, owó ti tán. George White, tó jẹ́ akápò ilé ẹ̀kọ́ náà tó sì tún ń kọ́ wọn lórin, kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún náà láti fi orin wá owó. Orin àwọn òyìnbó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orin tí àwọn òbí wọn kọ lóko ẹrú ló wá mú àwọn èèyàn dákẹ́ síbi tí wọ́n jókòó sí. Ní 1873, wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria. Owó tí wọ́n kó jọ ni wọ́n fi kọ́ Jubilee Hall, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Hampton àti Tuskegee náà rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sanwó ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin rí mọ bó ṣe ń rí: ọkùnrin mẹ́rin rọrùn láti kó kiri ju ogún lọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rán akọrin mẹ́rin jáde nìyẹn, nígbà tó sì di 1909, ohùn kuatẹ́ẹ̀tì Fisk ti wà nínú àwo orin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà sórí rẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àdúrà àti igbá owó ti jọ ń rìn nínú iṣẹ́ yìí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni Jefferson County ní Alabama, níbi tí Birmingham àti Bessemer wà. Èédú àti òkúta irin pọ̀ nílẹ̀ ibẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń ti oko òwú wá síbẹ̀ láti wa èédú àti láti yọ́ irin. R. C. Foster wà lára wọn. Ó ti kọ́ orin olóhùn mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́ kó tó dé ní nǹkan bí 1915, ó sì kó àwọn awakùsà bíi tirẹ̀ jọ, wọ́n di Foster Singers. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí ń ṣe páìpù irin ní Bessemer dá Sterling Jubilee Singers sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ náà ṣì ń kọrin.

Láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí ni iṣẹ́ kan ti yọjú tí ìjọ tiwa kò ní irú rẹ̀: olùkọ́ kuatẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ọ̀gá akọrin, kì í jókòó sídìí dùùrù, kò sì dìgbà tó bá mọ ìwé orin kà. Etí rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan lára wọn ti Jefferson County lọ títí dé New Orleans lọ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yọjú síbi ìdánrawò. Alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni, ní pálọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ti wẹ̀, ṣùgbọ́n èédú ṣì wà lábẹ́ èékánná. Wọ́n dúró yípo, ọ̀kan ń gbọ́ èémí èkejì. Olùkọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ti báàsì fún báàsì títí ó fi mọ́ ọn lára. Ó bọ́ sọ́dọ̀ barítónù, ó bọ́ sọ́dọ̀ tẹ́nọ̀. Ó wá ní kí wọ́n di ohùn kan mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má jù ú sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń dì í mú, ó ń gbé etí rẹ̀ lọ síbi ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yọ jáde ló ń wá. Tó bá rí i, á fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú ẹni náà: rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì lè sọ pé "ti lágbájá nìyí", iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ohùn mẹ́rin bá wọra tán, nǹkan kan máa ń dún lókè wọn bíi pé ẹnì kan tí kò sí ní pálọ̀ náà ń bá wọn kọ ọ́. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ máa ń jókòó.

Màmá bi mí pé kí wá ni barítónù ń ṣe gan-an, torí òun gbọ́ tẹ́nọ̀, òun gbọ́ báàsì. Mo ní iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kì í jẹun tán kó ní iyọ̀ yìí mà dáa o. Ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀. Barítónù tó mọṣẹ́ lè kọrin fún ogójì ọdún kí àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ má mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìránṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń lo gbogbo ọ̀sẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá tí kò ka orúkọ wọn sí, tí ń pe bàbá ọlọ́mọ ní ọmọdé. Ẹni tí wọ́n ti fojú pa rẹ́ bẹ́ẹ̀, à bá rò pé kó délé kó máa pariwo ara rẹ̀. Wọ́n sì ń délé, wọ́n ń fi ìfẹ́ inú ara wọn kọ́ bí a ṣe ń bo ohùn ẹni mọ́lẹ̀ kí ti ẹnìkejì lè dára.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ yí padà bí ọdún ti ń lọ. Ní ìṣáájú, orin wọn mọ́ tónítóní, ó ń ta bí ìlù, ó sì máa ń sọ ìtàn inú Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Golden Gate Quartet ló mọ̀ ọ́n kọ jù. Ọmọ ilé ìwé girama ni wọ́n ní Norfolk, Virginia, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1934. Ní oṣù kìíní 1941, wọ́n kọrin níbi ayẹyẹ ìbúra Ààrẹ Roosevelt ní Constitution Hall, gbọ̀ngàn kan náà tí àwọn tó ni ín kọ̀ láti jẹ́ kí Marian Anderson, akọrin aláwọ̀ dúdú, kọrin ní 1939 nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó ìhà gúúsù náà ní kuatẹ́ẹ̀tì tiwọn. James Vaughan, tó ń tẹ ìwé orin ní Tennessee, rán àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní 1910 láti fi polówó ìwé. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé wọn yàtọ̀, tiwọn kọ́ ni mò ń sọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gìtá wọlé, orin sì gbóná. Ẹ̀rí jíjẹ́ gba ipò ìtàn sísọ. Síbẹ̀ ìtàn kò kúrò pátápátá. Ní 1956, Soul Stirrers gba orin kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ "Touch the Hem of His Garment", Sam Cooke ló lé e. Wọ́n ní inú mọ́tò ni Cooke ti tò ó, bí wọ́n ṣe ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gba ohùn wọn, pẹ̀lú Bíbélì ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ni. Orin náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, obìnrin náà sì ti la èrò kọjá, ó ti nawọ́, ó ti gba ìwòsàn. Ẹ fetí sí àwọn elégbè: wọn kì í dá Cooke lẹ́kun, wọ́n kàn wà lábẹ́ rẹ̀ bí omi lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó bá sì na ohùn rẹ̀, tó ń yí i lókè láìsí ọ̀rọ̀ kankan, àwọn ló dì í mú kó má baà fò lọ. Ìwàásù ni. Mo ti gbọ́ ìwàásù wákàtí kan lórí ẹsẹ Bíbélì kan náà tí obìnrin yẹn kò dé ibi aṣọ.

Àmọ́ inú àwo orin kọ́ ni ilé kuatẹ́ẹ̀tì. Ilé rẹ̀ ni ètò orin ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, lẹ́yìn tí ìsìn òwúrọ̀ ti parí tí wọ́n sì ti jẹun. Àwọn díákónì ló máa ń ṣí i pẹ̀lú orin àtijọ́ àti àdúrà. Ẹgbẹ́ kan á kọ méjì, òmíràn á bọ́ síta. Orin á rọra bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ibì kan, kò ní lọ síwájú mọ́: elégbè á mú ọ̀rọ̀ méjì péré, wọ́n á máa gbé e sókè, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan tí ọmọ odó wọn kò kọlura. Ẹni tó ń lé kò kọrin mọ́ báyìí. Ó ń sọ ibi tí Ọlọ́run ti yọ òun, ó ń dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle wá sáàárín àwọn èèyàn. Ira Tucker, tó ń lé orin fún ẹgbẹ́ Dixie Hummingbirds, kì í lè dúró sójú kan. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ náà ní 1938, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2008. Five Blind Boys of Alabama, tí wọ́n pàdé nílé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Talladega, máa ń fọwọ́ lé èjìká ara wọn wọlé, afọ́jú lẹ́yìn afọ́jú. Bí Ẹ̀mí bá bà lé ẹnì kan láàárín ìjọ, tó dìde tó ń jó, tó ń ké, àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì á yí i ká pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ kó má baà ṣubú fara pa.

Níbí ni ìbéèrè kejì màmá, ìjọsìn àbí eré, ti ń dúró dè mí. Ó ti rí àwọn nǹkan báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí, ó sì ti rí i tí wọ́n ń ṣe é fún owó.

Mi ò bá a jiyàn. Àwọn pásítọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti bèèrè ohun kan náà kí wọ́n tó bí èmi. Wọ́n ní kóòtù wọn ń dán jù, wọ́n ní àwọn obìnrin ń wò wọ́n jù, wọ́n ní wọ́n ń fi orin Ọlọ́run du ara wọn bí ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀: nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá méjì bá pàdé lórí pèpéle kan, ẹni tó máa da ilé rú ju èkejì lọ ni wọ́n ń wò. Harris fúnra rẹ̀ fi Soul Stirrers sílẹ̀ ní 1950, ó ní ìwà tí òun ń rí lẹ́nu iṣẹ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Cooke ló rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Cooke náà fẹ́ kọ orin ìfẹ́, tó ń bẹ̀rù àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e jáde ní 1957 lórúkọ Dale Cook. Wọ́n mọ̀ ọ́n láti ìlà àkọ́kọ́. Èèyàn lè yí orúkọ padà. Ohùn kì í gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí kéré níye. Ẹgbẹ́ kuatẹ́ẹ̀tì tí kò ní àwo orin kankan pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì: awakọ̀, olùtọ́jú ọgbà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́. Àwọn obìnrin náà ní ẹgbẹ́ tiwọn: Songbirds of the South wà ní Memphis, Southern Harps sì wà ní New Orleans. Àní Fairfield Four pàápàá, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nashville ní 1921 nìyí: pásítọ̀ kan ló kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì àti ọ̀rẹ́ wọn kan jọ, kí wọ́n lè rí nǹkan ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ló ń lọ kọrin fún aláìsàn nínú yàrá rẹ̀, tí ń kọrin níbi òkú, tí ń lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ wà, tí hòtẹ́ẹ̀lì kò gbà wọ́n, ilé àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ń sùn sí, ọbẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ń jẹ.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣe àjọ̀dún rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn á sì wá bá wọn kọrin. Wọn kì í sábà gba owó. Nígbà tó bá kan tiwọn, ẹgbẹ́ tó gbàlejò náà á di ẹrù sọ́kọ̀, wọ́n á wakọ̀ lọ, bó ti wù kó jìnnà tó. Ẹni tí kò bá lọ, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á ṣófo lọ́jọ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo dé ibí yìí, màmá gbá itan: "Àáró ni wọ́n ń bára wọn dá!" Àáró ni. Wọ́n ń ro oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo wá sọ fún un pé ohun tí mo fi ń dá ìjọsìn mọ̀ yàtọ̀ sí eré nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹni tó wà níwájú. Ẹni tó wà níwájú lè máa sunkún nítorí Ọlọ́run, ó lè máa sunkún nítorí kámẹ́rà, èmi ò sí nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni mo máa ń wò. Bí ìjọ ti ń ké, tí abẹ̀bẹ̀ ń fò, tí ẹni tó ń lé ti bọ́ kóòtù sọnù, ṣé àwọn elégbè ṣì di ohùn wọn mú níbi tí olùkọ́ fi í sí ní pálọ̀? Ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ ara wọn? Ẹni tó bá lè wà nínú ariwo yẹn kó má wá nǹkan kan fún ara rẹ̀, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe ohun tó ń ṣe.

Màmá kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kò gbà. Ó fi awò ojú rẹ̀ padà. "Tún un gbé sí i. Mi ò fẹ́ gbọ́ ẹni iwájú yẹn. Barítónù ni mò ń wá."

Mo tún un gbé sí i. Ó pa ojú dé, ó rọra ń fi álítò tirẹ̀ wá ọ̀nà láàárín wọn, ó kùnà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin dé àárín, ó na ìka kan sókè.

"Òun nìyẹn."

A dákẹ́, àwa méjèèjì.

"Ó tún ti wọlé."